Ẹ gbà mí: ṣé kí Falcons lọ mú Justin Fields wálé?

BàbáStoneMountain | Àìkú, 25 oṣù Kejì 2024

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò lọ. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ síbí. Falcons, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (NFL) tiwa ní Atlanta, ò ní kọ́tábáàkì gidi, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí eré. Justin Fields sì ni kọ́tábáàkì Chicago Bears.

Chicago ló ni píìkì kìn-ín-ní, ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ mú, nínú dráfùtì oṣù Kẹrin, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń mú àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti yunifásítì ní ìpele ìpele. Ọwọ́ Carolina ni wọ́n ti gbà á lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ojú ń kán Carolina láti mú Bryce Young. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Caleb Williams, kọ́tábáàkì yunifásítì USC, ni Bears máa fi mú. Kọ́tábáàkì méjì kì í gbé ilé kan kí ilé náà tòrò. Fields á lọ, ibi tó máa lọ ló kù tí a ò mọ̀. Mo ní kó máa bọ̀ ní Atlanta.

Láti ìgbà tí a ti jọ̀wọ́ Matt Ryan fún Colts lóṣù Kẹta 2022, ta la rí? Marcus Mariota. Desmond Ridder. Taylor Heinicke. Ẹ wo èsì wa: 2021, 7-10 (a jẹ méje, a pàdánù mẹ́wàá). 2022, 7-10. 2023, 7-10. Bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa Arthur Smith ti lọ, Raheem Morris ti dé. A ní Bijan Robinson, a ní Drake London, a ní Kyle Pitts. Ọbẹ̀ ti jinná, ẹni tó máa bù ú la ò rí.

Ọmọ Kennesaw sì ni Fields. Bí ọ̀nà ò bá dí, kò gbà mí ní wákàtí kan láti ibi tí mo jókòó sí yìí dé ilé ẹ̀kọ́ Harrison tó ti gbá bọ́ọ̀lù. Lóṣù tó ń bọ̀ ló máa pé ọmọ ọdún 25. Ẹ fún Bears ní píìkì ìpele kejì, kí wọ́n gbé ọmọ wa fún wa.

Akọ̀wé_Gwinnett

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dárúkọ owó.

Ẹ fi ti píìkì sílẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ni owó gidi wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọmọ tí wọ́n bá mú ní ìpele kìn-ín-ní, àdéhùn ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń bá a ṣe, ẹgbẹ́ sì lè fi ọdún karùn-ún kún un. Bí ẹgbẹ́ bá ti lè ní òun fi kún un, owó yẹn ti di gbèsè. Ọdún 2025 ni ọdún karùn-ún Fields, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 25 dọ́là. Ẹ ó mú un wá lóṣù Kẹta, ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún á dé, kò ní tíì wọ pápá fún yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti sanwó aṣọ tí ẹ ò tíì wọ̀ wò. Bẹ́ ẹ bá ní rárá, ọdún kan péré lẹ ní. Bó bá ṣe dáadáa lọ́dún yẹn, iye tó máa béèrè á mú yín lóòyì. Bí kò bá ṣe dáadáa, a tún ti padà sídìí dráfùtì nìyẹn, píìkì ìpele kejì ti lọ.

Eré 38 ló bẹ̀rẹ̀ fún Chicago. Wọ́n jẹ 10, wọ́n pàdánù 28. Ìgbà 135 ni wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ kó tó rí bọ́ọ̀lù jù. Ọmọ Kennesaw ni lóòótọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó lèmi náà, kò ní kí n lówó.

ÌyáÌbejì_Marietta

Akọ̀wé, ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bí ẹni ń pín owó èsúsú.

Ta ló dúró níwájú ọmọ yẹn ní Chicago? Eré tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láyé ẹ̀, ní Cleveland, oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n gbé e ṣánlẹ̀. Ẹ yọ ibi tí wọ́n tì í padà sẹ́yìn dà nínú ibi tó ju bọ́ọ̀lù dé, yáàdì kan ló ṣẹ́ kù fún gbogbo ẹgbẹ́. Yáàdì kan! Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mú un, Matt Nagy, wọ́n lé e lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn dé, wọ́n tún kó ìwé eré mìíràn lé e lọ́wọ́. Wọ́n gbin àgbàdo sórí àpáta, wọ́n wá ń bá àgbàdo jà pé kò yọmọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, Chris Lindstrom wà níbẹ̀, Jake Matthews wà níbẹ̀, Kaleb McGary wà níbẹ̀. Ọmọ náà á rí àyè mí.

Ohun tó ń dùn mí ju èyí lọ ni pé ó yẹ kó ti wà nílé tipẹ́. Ní 2021, píìkì kẹrin wà lọ́wọ́ wa, Fields jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì mú un. Mo ń dín dòdò lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ “Kyle Pitts”, epo ta sí mi lọ́wọ́, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Chicago ló wá gun àtẹ̀gùn lọ bá Giants, tí wọ́n gba ipò kọkànlá tí wọ́n fi mú un. Pé a mú Ògúndèjì ní ìpele karùn-ún lọ́dún náà nìkan ni mo fi tu ara mi nínú, kí n ṣáà lè gbọ́ orúkọ gidi kan lẹ́nu àwọn asọ̀ròyìn.

Ará_Chicago

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti jẹ nínú ọbẹ̀ yìí sọ bó ṣe rí. Olólùfẹ́ Bears ni mí, kò sí eré Fields tí mi ò wò.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kò mọ̀ ọ́n. Oṣù Kọkànlá 2022, Miami wá bá wa nílé. Ó fi ẹsẹ̀ sá yáàdì 178. Kọ́tábáàkì kankan kò tíì sá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú eré líìgì kan ṣoṣo. Mo dìde lórí àga, ìyàwó mi rò pé ẹnì kan ló kú. Ṣé ẹ mọ èsì? 35-32. Àwa la pàdánù.

Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, Denver wá. Ó ju bọ́ọ̀lù 335 yáàdì, touchdown mẹ́rin (ìgbà mẹ́rin tí bọ́ọ̀lù wọlé), a fi 28-7 ṣíwájú. Mo ti ń pe ọ̀rẹ́ mi ará Denver lórí fóònù, mo ń kì í kú ìdárò. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Fields, wọ́n gbé e, wọ́n sá wọlé. Nígbẹ̀yìn, wọ́n tún já èyí tó jù gbà. 31-28. Ọ̀rẹ́ mi ò gbé fóònù mi títí di Ọjọ́rú. Mo gbà pé ó ṣàánú mi ni.

Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni pé àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n òun náà máa ń di bọ́ọ̀lù mọ́ra bí ẹni ń retí ọkọ̀ ní Ọjọ́ta. Ẹni tó yẹ kó ju bọ́ọ̀lù sí á ti dá wà, á gbé ọwọ́ sókè, á gbé e sílẹ̀, Fields á ṣì máa wò. Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, inú mi á sì bàjẹ́ lọ́jọ́ tó bá lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà á mú Caleb.

Ìbàdàn_Lóru

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọdún kejì mi nìyí tí mo ti ń wo bọ́ọ̀lù yín. Kí ló dé tí wọn kì í kàn kó owó sílẹ̀ ra á, bí Chelsea ṣe ń ṣe? Kí ni wọ́n ń fi píìkì ṣe?

Falcons ni mo yàn, ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Eré tí Bears fi nà wá 37-17 yẹn, alẹ́ 31 oṣù Kejìlá ni níbí. Mo ti wọ aṣọ funfun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì àìsùn ọdún tuntun, mo ní kí n wo díẹ̀ kí n tó jáde. Yìnyín ń bọ́ lu gbogbo wọn, Fields ń ṣe bó ṣe wù ú, àwọn èrò Chicago ń ké pé òun làwọn ń fẹ́. Mo pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí ọ̀pá fáànù tó bàjẹ́ ni mo rí àyè sí.

Akọ̀wé_Gwinnett

Àbúrò, níbí, ẹgbẹ́ kan kì í fi owó ra ọmọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì bí ti Yúróòpù. Ọmọ ni wọ́n ń fi gba ọmọ, tàbí píìkì. Píìkì ni ẹ̀tọ́ láti mú nínú àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti yunifásítì, ìpele méje ni, ẹgbẹ́ tó ṣe burúkú jù ló máa ń kọ́kọ́ mú. Gbogbo owó iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè san fún àwọn ọmọ ẹ̀ náà ní òdiwọ̀n. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí ni wọ́n kéde ti ọdún yìí, mílíọ̀nù 255.4 dọ́là. Ìdí nìyẹn tí mílíọ̀nù 25 fi ń bà mí lẹ́rù. Kọ́tábáàkì kan ṣoṣo á gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo rẹ̀ lọ.

Àgbà_Houston

Ẹ̀yin ará Atlanta, ẹ kú ìrọ́jú. Àwa ní C.J. Stroud ní kọ́tábáàkì, a ò ní wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i.

Ẹ ò gbọ́ ti Josh Rosen? Arizona mú un ní ipò kẹwàá ní 2018. Ọdún kan péré, wọ́n rí píìkì kìn-ín-ní gbà, wọ́n fi mú Kyler Murray, lọ́jọ́ kejì wọ́n ti jù ú sí Miami, wọ́n gba píìkì ìpele kejì, wọ́n tún gba ti ìpele karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e lé e. Eré mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ ní Miami, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, torí ìdí yín níbẹ̀ ló wá jókòó sí ní 2021.

Sam Darnold ńkọ́? Carolina fi píìkì mẹ́ta gbà á lọ́wọ́ Jets ní 2021: ti ìpele kẹfà, ti ìpele kejì, ti ìpele kẹrin. Oṣù kan kò pé, wọ́n ti fi ọdún karùn-ún kún àdéhùn rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 18. Ohun tí Akọ̀wé ń sọ gan-an nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n ti ń wá ẹlòmíràn, wọ́n mú Baker Mayfield.

Trey Lance ńkọ́? Píìkì ìpele kìn-ín-ní mẹ́ta àti ti ìpele kẹta kan ni 49ers kó lé Miami lọ́wọ́ torí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún Dallas lọ́dún tó kọjá, píìkì ìpele kẹrin kan ni wọ́n rí gbà.

BàbáStoneMountain

Houston, ẹ ṣeun, ẹ ka ìtàn náà dáadáa, ẹ kàn sáré pa ìwé dé ni. Mayfield tí Carolina jọ̀wọ́ rẹ̀ yẹn, ibo ló wà báyìí? Tampa. Ta ló gba ipò kìn-ín-ní ní ẹ̀ka tiwa nínú líìgì lọ́dún tó kọjá? Tampa. Ẹni tí aládùúgbò wa lé jáde ló wá ń jẹun lórí tábìlì wa.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tí ẹ ò fẹ́ gbọ́. 1991, Atlanta mú kọ́tábáàkì kan ní ìpele kejì, ọmọ Mississippi, a ní ó ń gbádùn ayé jù. Oṣù Kejì 1992, a fi gba píìkì ìpele kìn-ín-ní lọ́wọ́ Green Bay. Brett Favre ni. Ọmọ ọdún 22. Ẹni tó ra ọmọ tí ẹlòmíràn ti sú nígbà yẹn, ṣé ó kábàámọ̀? Ó tó ìgbà tí àwa náà máa jókòó síhà ibi tí wọ́n ti ń rà.

Owó tí ẹni tó bá gba Fields máa san lọ́dún yìí, mílíọ̀nù 3 dọ́là àti díẹ̀ ni. Owó jíjẹ ni.

Akọ̀wé, mo bá yín ta iyàn. Bears ò ní gbà ju píìkì ìpele kejì lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù á ra àsun fún ilé.

Akọ̀wé_Gwinnett

Mo gbà. Mo ní kò ní kọjá ìpele kẹrin. Kì í ṣe Bears nìkan ló mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ tà, gbogbo ọjà ló mọ̀. Ta ló ń sanwó gidi fún ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lójú rẹ̀?

Àgbà_Houston

Ẹ má jẹ́ kó dà bíi ti 28 sí

Alábòójútó

A ti gé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yìí. A kì í ka iye tí Falcons fi ṣíwájú ní Super Bowl 2017 kí wọ́n tó pàdánù nínú ilé yìí, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló ń kà á. Ẹ máa bọ́ọ̀lù lọ.

ÌyáÌbejì_Marietta | Ajé, 11 oṣù Kẹta 2024

Ẹ JÍ! Falcons ti mú Kirk Cousins, kọ́tábáàkì Minnesota! Ọdún mẹ́rin, mílíọ̀nù 180, 100 nínú rẹ̀ tó dájú bí ilẹ̀ bá mọ́ tàbí kò mọ́.

Ọmọ ọdún 35 ni o. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ já ní Green Bay lóṣù Kẹwàá tó kọjá. Akọ̀wé, ẹ̀yin tí mílíọ̀nù 25 ń bà lẹ́rù, ẹ fọhùn.

Akọ̀wé_Gwinnett

Mo wà ńbí. Mo ń mu omi.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Cousins mọ iṣẹ́ náà. Àwọn tó wà níwájú wa dára, ọmọ tó ń gba bọ́ọ̀lù wà, ẹ̀ka wa ò le. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá san, a máa jẹ eré. Ohun tí mò ń sọ látijọ́ ni pé kí a ra ohun tí a ti mọ bó ṣe rí. Mi ò kàn mọ̀ pé iye tí wọ́n máa rà á nìyẹn.

Ará_Chicago | Àbámẹ́ta, 16 oṣù Kẹta 2024

Fields ti lọ o. Pittsburgh.

Ẹ jókòó kí n tó sọ iye rẹ̀. Píìkì ìpele kẹfà, ti ọdún 2025. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù tó ìdajì eré wọn àti díẹ̀, á di ti ìpele kẹrin. Ó tán. Ọmọ tí a fi píìkì ìpele kìn-ín-ní méjì àti méjì mìíràn gun àtẹ̀gùn lọ mú, ohun tó kù lọ́wọ́ wa nìyẹn. Mo lọ jókòó sínú mọ́tò fúngbà díẹ̀.

Kọ́tábáàkì mìíràn, Russell Wilson, sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó máa ṣètò eré fún wọn ní Pittsburgh sì ni Arthur Smith tí ẹ̀yin lé ní Atlanta. Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi.

BàbáStoneMountain

Ìpele kẹfà? Ìpele kẹfà?? Iye tí wọ́n fi ń mú ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sókè? A ò tilẹ̀ nawọ́.

Àgbà_Houston

Ẹ má sọ pé ẹ ò nawọ́. Bóyá Fields fúnra rẹ̀ ló wo ibi tí ọ̀nà máa là fún un. Nígbà tí Cousins ti gba 180, kí ló máa wá ṣe ní Atlanta? Kó máa gbé omi fún un?

Ìbàdàn_Lóru | Ẹtì, 26 oṣù Kẹrin 2024

Aago méjì òru ti kọjá níbí, NEPA ti mú iná lọ, fóònù ni mo fi ń wò ó, bátìrì ku ìdá mẹ́jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Píìkì kẹjọ. Falcons. Michael Penix láti yunifásítì Washington. Ṣé kọ́tábáàkì kọ́ ni?

ÌyáÌbejì_Marietta

Kọ́tábáàkì ni, ọmọ mi. Lọ sùn.

Akọ̀wé_Gwinnett

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀, torí mi ò lè sùn. Mílíọ̀nù 100 tó dájú fún ẹni ọdún 35. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, píìkì kẹjọ fún ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí aago ti ń ka lé wọn lórí ni wọ́n ní wọ́n tó pe Cousins láti sọ fún un. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù: oṣù tó ń bọ̀ ni Penix máa pé ọmọ ọdún 24. Ọdún kan àti oṣù méjì péré ni Fields fi jù ú lọ. Bó bá ṣe pé ọmọ kékeré tó máa kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn Cousins là ń wá ni, ó wà lọ́jà ní ìpele kẹfà lóṣù tó kọjá, pẹ̀lú eré 38 tí a lè fi wò ó, píìkì kẹjọ á sì ṣì wà lọ́wọ́ wa tí a máa fi mú ẹni tó ń lé kọ́tábáàkì àwọn ẹlòmíràn. Èmi ni mo ní kí wọ́n má rà á ní ìpele kejì. Mi ò sọ pé kí wọ́n má rà á ní ìpele kẹfà.

Ọwọ́ òsì ni Penix fi ń jù, bíi Michael Vick, kọ́tábáàkì wa àtijọ́. Mo ń wá ohun tí màá dì mú ni.

BàbáStoneMountain

Akọ̀wé ti yíjú padà o, ẹ jẹ́rìí sí i.

Akọ̀wé_Gwinnett

Mi ò yíjú padà, owó ọjà ló yí padà. Èyí tó rán mi létí: ìpele kẹfà ò kọjá ìpele kẹrin. Àsun dà?

BàbáStoneMountain

Ẹ dúró ná. Iyàn tí a ta, lórí iye tí Falcons máa san ni. Falcons ò rà á. Ọjà tí a ò ná, ta ló ń jiyàn iye rẹ̀?

Ará_Chicago

Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lọ kà á. “Bears ò ní gbà ju píìkì ìpele kejì lọ sílẹ̀.” Bears lẹ kọ. Orúkọ Falcons ò sí níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Marietta

Mo ti ń fọ abọ́.

BàbáStoneMountain

Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin. Ẹ má mú Houston wá.